Èsì: Ṣé irọ́ tí olùjẹ́jọ́ pa tó láti dá a lẹ́bi?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé nígbà tí Erin Patterson ará Ọsirélíà ti gbà pé òun parọ́ fún ọlọ́pàá, kí ni wọ́n tún ń gbẹ́jọ́ sí lórí olú olóró inú oúnjẹ tó sè, tó pa mẹ́ta nínú mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ ní 2023. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Dùgbẹ̀ ń wí.

Òpùrọ́ kì í ṣe apànìyàn dandan. Lóòótọ́, ó ní òun kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ààtàn ló gbé e jù sí, wọ́n sì bá àjẹkù olú náà lára ẹ̀rọ ọ̀hún. Ó ní jìnnìjìnnì ló mú òun. Èyí lè ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba ló gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀ kọjá iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu.

Ní tèmi, àwo ló wúwo jù: àlejò kan ṣoṣo tó yè sọ pé àwo aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi bu oúnjẹ fún àwọn àlejò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti Erin nìkan ló yàtọ̀. Ní July 2025, àwọn ará ìlú méjìlá tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a lẹ́bi. Ní Ìbàdàn níbí, adájọ́ nìkan ni ì bá pinnu rẹ̀.