Bi Màmá Onílé: Táìlì ni kí n kọ́kọ́ ṣe, àbí òrùlé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé alámọ̀ àtijọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, yàrá mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ifásitì ni mo fẹ́ gbà síbẹ̀. Mílíọ̀nù 3 náírà ló kù lọ́wọ́ mi. Bíríkìlà ní kí n lẹ táìlì, kí n sì ṣe àjà POP, pé ohun tí àwọn ọmọ ń wò nìyẹn. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? (Tíṣà, Sábó)

ÌDÁHÙN: O kú ìnáwó, ọmọ mi. Mo ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé kí wọ́n tó fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pe ifásitì yẹn ní 1987. Òótọ́ ni bíríkìlà rẹ sọ: wọ́n á wo táìlì lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wo yàrá. Tí kànga bá wá gbẹ ní oṣù kejì ọdún, ẹrù ni wọ́n á máa dì.

Orí òrùlé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Kí káfíńtà gòkè, kí ìwọ dúró nísàlẹ̀, kó máa ju igi tí ikán ti jẹ sílẹ̀ kó o fojú ara rẹ rí i. Ilé alámọ̀ lè pẹ́ ju ẹni tó kọ́ ọ lọ, omi ló ń pa á. Amọ̀ máa ń wú tó bá mumi, á tún sún kì tó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀, ló fi ń ṣí kúrò lára ògiri. Nítorí náà, kí òrùlé yọ síta dáadáa, kó o sì la gọ́tà sí ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí òjò má máa ta sí ẹsẹ̀ ilé. Jẹ́ kí òjò ńlá rọ̀ lé páànù tuntun náà ná kó o tó dárúkọ POP. Bí omi bá kan POP, owó ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Kànga tó kún ní oṣù keje kò tíì sọ nǹkan kan fún ọ. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ parí ni kó o gbẹ́ ẹ sí i, torí ìgbà yẹn lomi lọ sísàlẹ̀ jù. Kí ó jìnnà sí ṣaláńgá àti sọ́kàwéè, mítà 30 ó kéré tán. Bí ààyè kò bá gbà á, sọ fún àwọn ọmọ pé omi ìfọṣọ ni. Ilé ìgbẹ́ kan fún yàrá mẹ́jọ, ìjà lò ń dá sílẹ̀ yẹn, ṣe méjì.

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó dán ti tó. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé kápẹ́ẹ̀tì tiwọn wá, pẹ̀lú sítóòfù oníná tó ń jó waya, nítorí náà pe oníná kó pààrọ̀ waya àtijọ́.

Má ná owó náà tán o. Ní 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ifásitì, fi daṣẹ́ sílẹ̀. Fi yàrá bíi méjì sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tàbí oníṣòwò, àwọn tí ìyanṣẹ́lódì kò lé lọ sílé bàbá wọn.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ayálégbé kan ṣì wà nínú ilé tí mo rà ní Iléṣà. Ọdọọdún ló ń sanwó. Ṣé mo lè ká páànù orí rẹ̀ kó lè jáde? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ẹ má dán an wò, Ìyá Ìbejì! Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dé kóòtù. Bí àdéhùn tí ayálégbé náà fi gba ilé kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé ìkìlọ̀ oṣù 6 ló tọ́ sí i. Tó bá pé tí kò jáde, ẹ fún un níwèé ọjọ́ 7 pé ẹ fẹ́ gba ilé yín, lẹ́yìn náà kóòtù. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ wọ́n, torí bí ọjọ́ inú ìwé bá ṣì, adájọ́ lè dá yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀.