Google Ti Ṣọ́ọ̀bù Wa Pa Lórí Máàpù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Google ti dá ojú-ìwé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa lórí máàpù rẹ̀ dúró, nítòsí Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ká ṣí òmíràn?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò, ẹ̀sùn ló máa di méjì. Ẹ wo orúkọ tí ẹ kọ síbẹ̀. Bí pátákó yín bá sọ pé “Ìrètí Furniture”, tí ẹ wá kọ “Ìrètí Furniture, Bẹ́ẹ̀dì Olówó Pọ́ọ́kú l'Ógbómọ̀ṣọ́”, ẹnu ara yín lẹ fi pe wàhálà. Ẹ yọ àfikún yẹn kí ẹ tó fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí Google pé kó dá a padà. Ẹ ya fọ́tò ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín (CAC) àti bíìlì iná IBEDC sílẹ̀ ṣáájú, torí tí ẹ bá ti fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́, 60 ìṣẹ́jú péré lẹ ní láti fi ẹ̀rí kún un. Orúkọ àti àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bíìlì tó jẹ́ orúkọ lańlọ́ọ̀dù lè kó bá yín.