Ṣé ọ̀wọ́ngógó lè sọ èlé di haláàlì? Ṣíà tí mò ń rà ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum Àáfà wa. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń dà mí lọ́kàn rú. Owó tí mo fi pamọ́, ohun tó lè rà léṣìí kò lè rà á mọ́, gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ṣíà lórí fóònù, mò ń rà mò ń tà, àmọ́ tí báńkì àpapọ̀ bá ti ní àwọn fi kún èlé báyìí, ọjà á wó, tí wọ́n bá ní àwọn dín in kù á tún gbéra. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tẹ́tẹ́ ni mò ń ta. Èkejì ní kí n kúkú kó owó mi sí báńkì kí n máa gba èlé, pé níwọ̀n ìgbà tí èlé yẹn ò ti tó ọ̀wọ́ngógó, kì í ṣe ríbà, owó mi náà ni mò ń gbà padà. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmotullahi wa barakaatuh. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ọ̀rẹ́ yín kejì lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló léwu jù, ó kàn dùn ún gbọ́ ni, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Suuratul Baqarah, aaya 275, pé Òun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Òun sì ṣe èlé ní èèwọ̀, nígbà tó di aaya 279 Ó ní ẹni tó bá ronú pìwà dà, ojú owó rẹ̀ ló máa gbà, kò ní ṣàbòsí, wọn ò sì ní ṣàbòsí sí i. Ojú owó yìí làwọn kan wá ń fà gùn, wọ́n ní ohun tí owó lè rà ni ojú owó. Ẹ wò ó dáadáa, ọjọ́ tẹ́ ẹ kó owó sí báńkì lẹ ti jọ ṣàdéhùn èlé, ta ló mọ bí ọjà ṣe máa wọ́n tó nígbà yẹn? Tí ọjà bá wá rọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ máa lọ dá èlé padà fún wọn ni? Ẹ ò jẹ́ dán an wò. Àfikún lórí owó yíyá ni, orúkọ tó wù kẹ́ ẹ pè é. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkíhì (òfin ẹ̀sìn) ti OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí ní Kuwait lọ́dún 1988, ibi tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé iye tí èèyàn jẹ ní gbèsè ló máa san, wọn ò gbọ́dọ̀ so ó mọ́ iye ọjà.

Àmọ́ ẹ̀sìn ò ní ká jókòó ti owó kó máa jó rẹ̀yìn o. Sayyidinaa Umar ló ní kí wọ́n máa fi owó ọmọ òrukàn ṣòwò kí sàká má baà jẹ ẹ́ tán, sàká tó jẹ́ 2.5% lọ́dún lásán nìyẹn, ká má tíì sọ ti ọ̀wọ́ngógó.

Ẹni tó pè é ní tẹ́tẹ́ náà sọ àsọdùn. Ẹni tó ra ṣíà ti ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ yẹn, nínú ẹ̀rọ wọn, nínú ọjà wọn, nínú èrè àti àdánù wọn, ìgbìmọ̀ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà sì gbà á láyè ní Jeddah lọ́dún 1992 tí iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe bá ti jẹ́ haláàlì. Kí èèyàn sì máa wo ìgbà tí báńkì àpapọ̀ máa ṣèpàdé kó tó rà tàbí kó tó tà, oníṣòwò wo ni kì í wo ojú ọjà? Tí èlé bá lọ sókè, àwọn olówó ńlá á kó owó kúrò nínú ṣíà lọ sínú bọ́ǹdù (owó tí wọ́n ń yá ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ fún èlé), ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè á máa san èlé tó pọ̀ sí i, èrè rẹ̀ á dín, ìdí tí ọjà fi ń wó nìyẹn, kò sí àdììtú níbẹ̀. Kí iye ọjà máa lọ sókè sódò kò sọ òwò di tẹ́tẹ́. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ́dínà tí wọ́n ní kí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá àwọn dá iye lé e, ó kọ̀, ó ní Ọlọ́hun ló ń diwọ̀n iye ọjà.

Ohun tó ń ba òwò yìí jẹ́ ni kẹ́ ẹ yá owó lọ́wọ́ brókà, ìyẹn ẹni tó ń bá yín ra ṣíà, láti fi ra kún èyí tẹ́ ẹ ní, tí èlé á máa gun orí ẹ̀ lójoojúmọ́, èlé yẹn gan-an sì ń gòkè tí ti báńkì àpapọ̀ bá ti gòkè. Hadíìsì Jabir tí Imam Muslim gbà wá sọ pé Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tó ń jẹ ríbà, ẹni tó ń san án, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí méjèèjì, ó ní bákan náà ni gbogbo wọn. Kí èèyàn ta ṣíà tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ torí ó rò pé ó máa já wálẹ̀, èèwọ̀ nìyẹn náà, Ànábì sọ fún Hakim ọmọ Hizam pé kó má ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó sì máa ń kóra jọ pariwo ṣíà kan kó lè gbówó lórí kí wọ́n tó ta tiwọn sá lọ, najash nìyẹn, ẹ jìnnà sí wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ò wá fojú sí ni pé ṣíà tó jẹ́ haláàlì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, èlé tó ń lọ sókè sódò yìí ló sì ń fà á. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ yòówù tó bá ti fọwọ́ kan èlé, ká fi sílẹ̀ pátápátá, ẹni tó bá lè tẹ̀ lé ìyẹn, ó dáa fún un. Ṣùgbọ́n ìlànà AAOIFI, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn báńkì Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ ń lò gbà pé kí gbèsè elélèé ilé-iṣẹ́ náà má ju 30% iye tí gbogbo ṣíà ẹ̀ tó lọ́jà, owó tí wọ́n fi síbi tó ń mú èlé wá náà kò gbọ́dọ̀ ju 30%, owó haráàmù tó ń wọlé fún wọn ò sì gbọ́dọ̀ ju 5% gbogbo owó tó ń wọlé. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan jẹ gbèsè mílíọ̀nù 27, gbogbo ṣíà ẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 100, 27% nìyẹn, kò burú. Báńkì àpapọ̀ wá fi kún èlé, ọjà wó, ṣíà ẹ̀ di mílíọ̀nù 80. Wọn ò yá owó kankan kún un o, àmọ́ gbèsè yẹn ti lé díẹ̀ ní 33%, ó ti ré kọjá ààlà. Torí ẹ̀ làwọn kan bíi Dow Jones Islamic Market, tó ń ṣa àwọn ṣíà tó bá Ṣẹ̀ríà mu jọ, fi ń lo àròpín iye ọjà fún oṣù 24, kí ìwólulẹ̀ ọjọ́ kan má baà yí ìdájọ́ padà, ààlà tiwọn sì jẹ́ 33%.

Owó tí ilé-iṣẹ́ fi sí báńkì náà, tí èlé bá gòkè, èyí tó ń mú wá á pọ̀ sí i, ó lè jẹ́ 3% owó tó wọlé ni tẹ́lẹ̀ kó di 6% láìjẹ́ pé wọ́n yí iṣẹ́ padà. Kódà tí kò bá tíì tó 5%, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fọ tiyín mọ́: ẹ pín owó èlé yẹn sí iye ṣíà tó wà níta, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye ṣíà tó wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ kó o fún aláìní láìretí láádá, torí kì í ṣe owó yín. Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé ìṣirò owó wọn jáde ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ṣíà báńkì elélèé tí wọ́n ń sọ pé ó ń jèrè gan-an tí èlé bá gòkè, ẹ má tiẹ̀ dá a lábàá.

Tí ṣíà kan bá wá ré kọjá ààlà lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ìgbìmọ̀ Ṣẹ̀ríà tó ń bójú tó ọjà ṣíà ní Malaysia sọ pé tí iye ẹ̀ bá ju iye tẹ́ ẹ fi rà á lọ, kẹ́ ẹ tà á, èrè tó bá gun orí ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kéde pé kì í ṣe haláàlì mọ́, ẹ fi tọrẹ, tó bá sì wà nísàlẹ̀ iye tẹ́ ẹ fi rà á, ẹ lè dúró títí owó yín á fi pé kẹ́ ẹ tó jáde. Sàká ẹni tó ń rà tó ń tà bíi tiyín, 2.5% iye tó jẹ́ lọ́jà lọ́jọ́ tí ọdún sàká yín pé ni, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ fi rà á. Wallaahu a'lam.