Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀fọ̀: ṣé hádíìsì ni ó ní kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrin?

Ìbéèrè

Àsàlámù aláékúm, Áfáà wa. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn, kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo ń kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin mi, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, kú lẹ́yìn tí ibà ṣe é fún ọjọ́ méjì péré. Kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí, ránṣẹ́ sí mi pé Ànábì wa ti sọ pé ọ̀fọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà kí n wọlé iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò yọ owó ọjọ́ tí n kò bá wá. Mo lọ. Bí mo ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ nínú rẹ́jísítà, ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún, omi ọyàn sì ya sí aṣọ mi níwájú wọn. Láti ọjọ́ náà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti ń lọ sunkún lójoojúmọ́. Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹkún mi tí ó ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta? Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé hádíìsì ni ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́? Àbúrò ọkọ mi kan, ọkùnrin, tí ó wà ní Manchester pàdánù ọmọ ní èṣí, ọ̀sẹ̀ méjì ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì fún un. Ṣé ó rú òfin ẹ̀sìn ni? Ẹnì kan tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra ìwé dókítà kí n lè ráyè sinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Ìdáhùn

Wa aláékúmu sálámù. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ti Ọlọ́hun ni wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ó sì padà sí. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè gbé kálàmù.

Ẹkún yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Hádíìsì ọjọ́ mẹ́ta náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì tí a gbà wá, fìdí múlẹ̀, ó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tí ó kó hádíìsì jọ, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ nípa omijé. Ohun tí ó sọ ni pé kò tọ́ fún obìnrin tí ó gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ láti ṣọ̀fọ̀ òkú kọjá ọjọ́ mẹ́ta, àfi ọkọ rẹ̀, tí yóò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a ń túmọ̀ sí ọ̀fọ̀ níbẹ̀ ni ihdād, ohun tí àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó jẹ́ ni kí obìnrin yẹra fún ọ̀ṣọ́: kí ó má lé tìróò, kí ó má fi lọ́fíńdà sára, kí ó má wọ aṣọ ẹ̀yẹ. Ohun tí ojú ń rí ni, a sì lè ka ọjọ́ rẹ̀. Ìbànújẹ́ inú ọkàn kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tí ó ń bá, Ọlọ́hun kì í sì í di ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀dá lọ rù ú.

Ẹ wo bí Ummu Atiyyah ṣe lo òfin yìí, obìnrin kan nínú àwọn sàábé, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn tí ó bá Ànábì gbé ayé, tí òun náà pàdánù ọmọkùnrin. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ó ní kí wọ́n gbé òórùn dídùn aláwọ̀ ìyeyè wá, ó fi para, ó sì wí pé a ti kọ̀ fún àwọn láti ṣọ̀fọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ àfi nítorí ọkọ. Ohun tí hádíìsì ròyìn pé ó ṣe kò ju ìyẹn lọ. Kò sọ pé ọmọ náà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó sì yẹ kí a rántí ibi tí òfin náà ti wá: ṣáájú Ìsìláàmù, àwọn Lárúbáwá a máa fi opó sínú ahéré kékeré fún odidi ọdún kan, nínú aṣọ tí ó burú jù lọ. Ìrọ̀rùn ni Ọlọ́hun fi gbà wọ́n kúrò nínú ìyà yẹn. Ohun tí ó wá bí ìrọ̀rùn, kò yẹ kí ó di pàṣán lọ́wọ́ ọ̀gá iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ilé Ànábì fúnra rẹ̀ (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), nítorí pé bàbá tí ó sin ọmọ ni. Yàtọ̀ sí Fatima, gbogbo ọmọ rẹ̀ ni ó kú ṣáájú rẹ̀. Ibrahim, ọmọkùnrin rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ó ṣì ń mu ọmú, nígbà tí ó kú ní ọdún 10 lẹ́yìn Hijira, ìyẹn ìgbà tí Ànábì ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Ànábì gbé e mọ́ra bí ẹ̀mí ṣe ń bọ́ lára rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń da omi. Ẹnu ya Abdurrahman ọmọ Awf, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, ó bi í pé, ìwọ náà, òjíṣẹ́ Ọlọ́hun? Ó dáhùn pé àánú ni. Ó sì wí pé ojú ń sunkún, ọkàn ń bàjẹ́, àwa kò sì ní sọ ohunkóhun àfi èyí tí Olúwa wa yọ́nú sí, àti pé ìyapa rẹ, ìwọ Ibrahim, bà wá nínú jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin gan-an gbọ́, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ yín ní kíláàsì: ó ní Ibrahim ní ẹni tí ń fún un lọ́mú nínú àlùjánnà. Ibi ọmú ni ọkàn rẹ̀ lọ. Ìyẹn jẹ́ ti ọmọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àlá kan tí ó rọ́ fún àwọn sàábé, ó rí Ànábì Ibrahim nínú ọgbà tútù kan, tí àwọn ọmọdé yí i ká, gbogbo ọmọ tí ó kú nígbà tí wọn kò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀. Omi ọyàn yín sì mọ́. Aṣọ tí ó bá ta sí ṣe é kírun, kò sì ba àlùwàlá yín jẹ́. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá yín wò ó bí ọyàn bá ń le tí ó sì ń ro yín.

Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ bá kú, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń sin ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Ànábì, sàábé kan tí ń jẹ́ Anas rí i tí ó jókòó ní ẹ̀bá sàréè, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ yín sí, kí wọ́n fi hàn yín.

Ohun tí a kọ̀ fún wa ni kí ènìyàn máa gbá ara rẹ̀ lójú, kí ó máa fa aṣọ ya, kí ó máa ké igbe tí ń bá kádàrá Ọlọ́hun jà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ọjọ́ tí a dá fún ìbànújẹ́. Ànábì Yaqub sunkún Yusuf títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun, bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú Sūratu Yūsuf, āyah 84. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá a wí, ó ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun nìkan ni òun ń gbé àròyé òun lọ. Ọlọ́hun kò pè é ní aláìnísùúrù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ sí i. Àdéhùn ni iṣẹ́, Àlùkùránì sì pa á láṣẹ pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ̀rọ̀ ìsinmi ọdọọdún, ìsinmi àìsàn àti ìsinmi ìbímọ, ṣùgbọ́n kò ní abala kankan fún ìsinmi ọ̀fọ̀. Ohun tí ó bá wà nínú ìwé àdéhùn yín, tàbí ohun tí àánú ọ̀gá bá gbé sílẹ̀, ni ẹ ó rí gbà. Bí ó bá sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni agbára ilé-ẹ̀kọ́ òun ká, ó ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, a sì lè bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kí ó gbé ìpinnu ara rẹ̀ lé Ànábì lẹ́nu, ìyẹn ni ó dùn mí. N kò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọ̀pọ̀ wa ni a ti gbọ́ hádíìsì náà lórí mínbárì láìgbọ́ àlàyé rẹ̀.

Hádíìsì tí ó yẹ kí ó mú lò wà. Nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti pa Ja'far ọmọ Abu Talib, ọmọ arákùnrin bàbá Ànábì, ní ogun Mu'tah, ní ọdún 8 lẹ́yìn Hijira, Ànábì ní kí àwọn ènìyàn se oúnjẹ fún àwọn ará ilé Ja'far, nítorí ohun tí ó gba ọkàn wọn ti dé bá wọn. Ẹ gbọ́ ìdí tí ó fi ṣe òfin: ọkàn wọn kò sí nílé. Bí a bá gba iná dídá lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, báwo ni a ṣe lè rò pé ó lè máa bójú tó ogún ọmọ ọlọ́mọ? Ó tún sọ nípa àwọn tí ó wà lábẹ́ wa pé kí a má gbé iṣẹ́ tí yóò borí wọn lé wọn lórí, bí a bá sì gbé e, kí a ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìrànlọ́wọ́ náà kì í ṣe owó nìkan. Ọ̀gá yín lè fi yín sí kíláàsì àwọn ọmọ ńlá títí di òpin táàmù, kí ẹkún ọmọ ọwọ́ má máa gún yín láyà. Ó lè jẹ́ kí ẹ máa lọ ilé ní ọ̀sán fún oṣù kan, tàbí kí ó jẹ́ kí ẹ lo ìsinmi ọdún yín nísinsìnyí. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín lè pín iṣẹ́ yín láàárín ara wọn. Kí wọ́n sì ṣọ́ ẹnu wọn. A máa ń wí pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, àdúà rere sì ni, ṣùgbọ́n omi tí ó dànù ní orúkọ, ìyá rẹ̀ sì mọ ọ́n. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi, òun náà onímọ̀ tí ó kó hádíìsì jọ, gbà wá, nígbà tí ọmọ ẹrú Ọlọ́hun bá kú, Ọlọ́hun a bi àwọn málàíkà pé, ṣé ẹ gba èso ọkàn rẹ̀? Bí wọ́n bá ní ẹrú náà dúpẹ́ tí ó sì sọ pé ti Ọlọ́hun ni àwa, a ní kí wọ́n kọ́ ilé kan fún un ní àlùjánnà, kí wọ́n pè é ní Ilé Ọpẹ́. Ẹni tí Ó gba èso náà gan-an kò fojú kéré rẹ̀.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe níbí rí. Mo jókòó ti ìyá kan tí ó bí òkú ọmọ, mo sì sọ fún un pé kí ó dákẹ́, pé ó ti tó. Ó dákẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni ó fi bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, èmi sì ń ka hádíìsì lọ. Lẹ́yìn ìgbà tí mo lóye ohun tí mo ṣe, mo padà lọ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò ọkọ yín kò rú òfin kankan. Ihdād kò kan ọkùnrin rárá, ọ̀sẹ̀ méjì tí ó gbà kì í sì í ṣe ihdād, ìsinmi iṣẹ́ ni. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní Òfin Jack, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bìrìtéènì ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ni ó fún òbí òṣìṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ kú kí ó tó pé ọdún 18, tàbí tí ó bí òkú ọmọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24 nínú oyún, ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lè gbà á pọ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan kí ó fi èkejì pamọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 56 lẹ́yìn ikú náà. Jack jẹ́ ọmọ oṣù 23 tí ó kú sínú omi ní ọdún 2010. Lucy Herd, ìyá rẹ̀, ni ó jà fún òfin náà, nítorí pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fún bàbá ọmọ náà, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ti rí i pé ọjọ́ mẹ́ta kò tó òbí. Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ tí Mùsùlùmí dá sílẹ̀ lè kọ irú rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn tirẹ̀ láìdúró de ìjọba.

Ẹ má ra ìwé dókítà. Irọ́ ni, owó tí ẹ bá sì fi gbà kò ní fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ rí dókítà ní tòótọ́. Bí ẹ kò bá rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu yín, tí àyà yín ń já, ẹ sọ ọ́ fún un bí ó ti rí. Bí ó bá kọ ìwé ìsinmi fún yín lórí ìyẹn, òótọ́ ni ó kọ.

Ẹ fi èsì yìí han ọ̀gá yín bí ẹ bá rí i pé kò ní dá ìjà sílẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ kí n bá òun sọ̀rọ̀ lójúkojú, mo máa ń wà ní mọ́sáláásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ títí di Àsárì. N kò ní bá a jà, hádíìsì Ja'far ni a ó jọ kà.