Áàpù Ní Mo Ṣì Í Kọ: Ìbéèrè Yín Lórí Fífi Kọ̀ǹpútà Kọ́ Èdè

Lẹ́tà lórí àwọn áàpù tí ń kọ́ni lédè pọ̀ lóṣù yìí, ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń rò: ẹ̀rọ fi àmì pupa sí ohun tó tọ́, ó yin ohun tí kò tọ́. A mú mẹ́rin.

Èdè Jámánì ni mò ń kọ́ lórí fóònù. Áàpù ní kí n túmọ̀ "Mò ń lọ sí Èkó lọ́la". Mo kọ "Ich gehe morgen nach Lagos", ó ní mo ṣì í kọ, pé "Morgen gehe ich nach Lagos" ni. Olùkọ́ mi ní méjèèjì ló dára. Ta ni kí n gbọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

Olùkọ́ yín ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ó dà bíi pé áàpù yẹn kò ka gbólóhùn yín rárá. Ó kàn fi í wé àkójọ ìdáhùn tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀ fún un ni. Ohun tí ẹni náà kò bá rántí kọ síbẹ̀ ti di àṣìṣe nìyẹn. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lo òǹkà tí Vladimir Levenshtein, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 1965: iye lẹ́tà tí a máa fi kún, tí a máa yọ tàbí tí a máa pààrọ̀ kí ọ̀rọ̀ kan tó di èkejì. Láti "Lago" dé "Lagos" jẹ́ 1, áàpù á ní ọwọ́ yín ló ṣì í tẹ̀, á sì gbà á. Ṣùgbọ́n bí "morgen" bá kúrò níwájú bọ́ sí àárín, òǹkà náà á fò sókè kọjá ohun tó lè fojú fò.

Ìyẹn ṣì kéré. "Der Mann" àti "den Mann" (ọkùnrin náà) kò fi ju lẹ́tà kan lọ yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan jẹ́ ti olùwà, tí èkejì jẹ́ ti àbọ̀. Ẹni tó kọ "Ich sehe der Mann" láti fi sọ pé "mo rí ọkùnrin náà" ti ṣe àṣìṣe gírámà pátápátá, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló yọ̀. Áàpù tó ń dárí lẹ́tà kan jì ni á kọjá lára rẹ̀. Èyí tó gbọ́n díẹ̀ á kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí ẹ tẹ̀ wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè: bó bá wà níbẹ̀, kì í ṣe àṣìtẹ̀ mọ́, ẹ̀yin lẹ yàn án. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ "der" síbi "den" lónìí. Bó bá gbà á, ọ̀rọ̀ lásán ni kẹ́ ẹ máa fi áàpù yẹn kọ́, ẹ má fi gírámà sí i lọ́wọ́.

Àwọn kan ń tú gbólóhùn palẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀kan ni E-Tutor, tí Trude Heift ṣe fún èdè Jámánì ní Simon Fraser University, Kánádà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ á gé gbólóhùn sí ọ̀rọ̀, á wá irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, á sì wo bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Ẹ̀rọ atúgbólóhùn lásán á kọ̀ jálẹ̀ tí "sehe" (rí) bá ń béèrè àbọ̀ tó sì bá "der" níbẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọ̀: ó ní láti gba gbólóhùn náà wọlé, kó kọ ibi tó ti forí gbárí sílẹ̀, kó lè sọ pé "ìrísí olùwà lẹ lò fún àbọ̀". Ẹnì kan ní láti jókòó kọ òfin èdè náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè ṣe èyí, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi pọ̀ lọ́jà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi àròkọ Faransé wọn fún ẹ̀rọ atúnṣe kí wọ́n tó gbé e wá. Nígbà mìíràn ó máa ń tún èyí tó dára ṣe. Ṣé kí n fòfin dè é? (Olùkọ́, Bàdágìrì)

Ẹ wọ̀n ọ́n wò ná. Ẹ mú àròkọ tí ẹ ti fọwọ́ ara yín máàkì. Ká ní àṣìṣe 40 lẹ rí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tọ́ka sí ibi 30, 24 nínú wọn sì jẹ́ àṣìṣe lóòótọ́. Mẹ́rìnlélógún nínú 30 jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún: bí ẹ̀sùn rẹ̀ ṣe ń jẹ́ òótọ́ tó nìyẹn. Mẹ́rìnlélógún nínú 40 jẹ́ ìdá 60: iye tó rí mú nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa. Àṣìṣe tí ẹ̀rọ kò rí, ẹ̀yin á rí i. Ẹ̀sùn èké, akẹ́kọ̀ọ́ á gbà á gbọ́, á sì sọ ohun tó ti mọ̀ nù. Nínú ìdíje CoNLL ti 2014 lórí àtúnṣe gírámà Gẹ̀ẹ́sì, òṣùwọ̀n F0.5 ni wọ́n lò, òṣùwọ̀n tó ka òótọ́ ẹ̀sùn sí ìlọ́po méjì iye tí ẹ̀rọ rí mú.

Ibì kan wà tí ẹ̀rọ kò ní ojú fún. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ "mo lọ", ọkùnrin ló ń kọ "Je suis allé", obìnrin ló ń kọ "Je suis allée", ẹ̀rọ kò sì rí ẹni tó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù. Fún ọmọ tó ń ti Yorùbá bọ̀ sí Faransé, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí "ó" wa kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Bó bá fún ẹ̀rọ atúmọ̀ ní "Ó ti lọ", "Il est parti" ló máa ń rí gbà, ìbáà ṣe ìyá rẹ̀ ló ń sọ. Gbogbo ìpínrọ̀ á wá di ti ọkùnrin, láìsí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀rọ atúnṣe lè fà yọ.

Ní ti àwọn ẹ̀rọ tuntun tí ń báni fọ̀rọ̀ wérọ̀, ẹ gba àtúnṣe wọn ju àlàyé wọn lọ. Wọ́n lè kọ gbólóhùn náà bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì dá òfin tí kò sí sílẹ̀ láti fi gbè é. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ní "tún un ṣe". Kó ní kí ẹ̀rọ fa ìlà sábẹ́ ibi tó bá fura sí, kó má kọ ohunkóhun síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á tún un ṣe fúnra rẹ̀, á sì kó ẹ̀dà méjèèjì wá. Ẹ máàkì èkejì. Àkọ́kọ́ ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọ mi tẹ "ọ̀rẹ́" nínú áàpù Yorùbá. Ó ní kò tọ́, ó sì kọ "ọ̀rẹ́" sísàlẹ̀ pé òun ni ìdáhùn. A wò ó títí, a ò rí ìyàtọ̀. Ṣé ojú wa ni? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, London)

Ojú yín kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́tà mẹ́ta lẹ rí. Kọ̀ǹpútà lè rí 5 tàbí 7. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Àtòpọ̀ ni: "ẹ" pẹ̀lú àmì ohùn òkè U+0301, tàbí "e" lásán, àmì ìsàlẹ̀ U+0323, lẹ́yìn náà àmì ohùn, tàbí "é" U+00E9 tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ kún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lójú. Kíbọ́ọ̀dù ọmọ yín lo ọ̀kan, ẹni tó ṣe áàpù lo òmíràn, nọ́ńbà sì ni ẹ̀rọ fi ń wé nọ́ńbà.

Ẹni tó ṣe áàpù ló lẹ́bi, iṣẹ́ ìlà kan sì ni: kó sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan náà tí Unicode là sílẹ̀ láti to irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kó tó fi wọ́n wéra. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀ gan-an. Kó tún ṣọ́ra fún àwọn tí ń fi ìlà kékeré, U+0329, síbi àmì ìsàlẹ̀. NFC kò ní bá a tún ìyẹn ṣe, òun ló máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbà fún un tó bá ní òun á kúkú yọ gbogbo àmì kúrò kí ẹjọ́ parí. Owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀, òwò àti ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ á di "owo" kan ṣoṣo, kí wá ni ọmọ ń kọ́? Kó kọ́kọ́ wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ bára mu. Bí kò bá bára mu, kó yọ àmì ohùn nìkan: bó bá bára mu báyìí, ohùn ló ṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó yọ àmì ìsàlẹ̀. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Mò ń kọ́ Yorùbá ní Salvador, Brazil. Áàpù tí mò ń sọ̀rọ̀ sí máa ń ní "ó dára" níbi tí olùkọ́ mi ti ní ohùn mi ṣì. Ṣé kọ̀ǹpútà kò lè gbọ́ ohùn ni?

Ó lè gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di kíkọ, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ni wọ́n ní kó wá, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní "mo wọ ọkọ́ lọ sọ́jà", "wọ" àti "ọjà" á ti tì í sí "ọkọ̀". Àánú yìí dára fún ẹni tó ń fi ohùn kọ lẹ́tà, kò dára fún akẹ́kọ̀ọ́. Witt àti Young ní Cambridge gbé ọ̀nà mìíràn jáde ní 2000: ẹ̀rọ ti mọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ pè, ó wá ń fún ìró kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Síbẹ̀, bí wọn kò bá ka ohùn mọ́ ìró, "ọkọ̀" àti "ọkọ́" á gba máàkì kan náà.

Ẹ gba Praat, ètò tí ń ya ìlà ohùn ọ̀rọ̀ ẹnu, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba ohùn olùkọ́ yín àti tiyín sílẹ̀ níbi tó dákẹ́. Ẹ fi ààlà ohùn sí 75 sí 300 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) fún ọkùnrin, 100 sí 500 fún obìnrin. Bí ààlà bá fẹ̀ jù, ìlà ohùn lè ṣàdéédé fò di ìlọ́po méjì tàbí ìdajì. Ọ̀rọ̀ bí "ọ̀rẹ́", "ìlú" àti "wúrà" ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí níbi k, t, s, f ìlà á já.

Ẹ má fi Hz yín wé tirẹ̀. Láti 120 dé 150 àti láti 200 dé 250 jẹ́ ìgbésẹ̀ kan náà létí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó semitone 4 (semitone ni ìgbésẹ̀ láti bọ́tìnì dùùrù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e). Ẹ sọ Praat sí semitone. Ìrísí ìlà ni kẹ́ ẹ wò: nínú "ọ̀rẹ́", ohùn òkè kò kàn jókòó sókè, ńṣe ló ń gun òkè láti ìsàlẹ̀, nínú "wúrà", ohùn ìsàlẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀. Nínú gbólóhùn gígùn, ohùn òkè ti ìparí lè relẹ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, kì í ṣe àṣìṣe. Sílébù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.