Ẹ Béèrè, Kí N Dáhùn: Ìdíje Dróònù Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Olùkọ́ físíìsì ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ti fẹnu kò pé kí n ṣètò ìdíje dróònù fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nínú gbọ̀ngàn. Ikọ̀ mẹ́jọ ni, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Mo ti ya àwòrán àwọn òrùka tí dróònù yóò gbà kọjá. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gbé àwòrán òrùka yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìwé òfin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kó sì tẹ àwọn ikọ̀ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ ìdíje.

Nínú ìdíje àkọ́kọ́ tí mo ṣètò, òrùka ló gba gbogbo àkókò mi. Nígbà tó yá, dróònù ọmọ kan fi abẹ̀bẹ̀ kan etí òrùka, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì kọjá síbẹ̀. Adájọ́ kan ní ó ti gbà á, èkejì ní kò gbà á. Mi ò kọ ohunkóhun sílẹ̀ tá a lè fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà dúró, rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ojú àwa àgbà. Mi ò gbàgbé ojú yẹn títí dòní.

Torí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: bí dróònù bá fara kan òrùka ńkọ́? Bó bá já lulẹ̀, ṣé ọmọ lè gbé e dìde kó máa bá a lọ, àbí ìgbà yẹn ti parí? Ìṣẹ́jú mélòó ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní? Ta ló láṣẹ láti wọ inú àwọ̀n tẹ́ ẹ ta yí ibi ìfò ká lọ gbé dróònù tó já? Máàkì mélòó ló wà fún ìbàlẹ̀? Lójú tèmi, ìbàlẹ̀ ló yẹ kó ní máàkì tó pọ̀ jù lọ, kódà ju eré sísá lọ. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìbàlẹ̀ lówó lórí kò ní jẹ́ kí bátìrì tán sí òun lókè.

Ohun tó ń da ìdíje inú gbọ̀ngàn rú jù lọ kì í fojú hàn. Ọ̀pọ̀ dróònù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ló ń gbé Wi-Fi tirẹ̀ jáde. Lórí 2.4 GHz, ìyẹn ìgbì rédíò tí Wi-Fi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò, ojú ọ̀nà mẹ́ta péré, ìyẹn 1, 6 àti 11, ni kì í gorí ara wọn. Ẹ wá ro dróònù mẹ́jọ tí wọ́n tàn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú fóònù gbogbo òbí tó wá wòran. Mo ti rí dróònù tó dá dúró gbagidi lófuurufú, tí kò gbọ́ ti rìmóòtù mọ́, nígbà tí ọmọ tó ń fò ó ń tẹ̀ ẹ́ títí tí ìka rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Bí ẹ bá ń lo èyí tó ń fi àwòrán kámẹ́rà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fò ó lórí ìgbì rédíò 5.8 GHz, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó tan tirẹ̀ lórí tábìlì láti dán an wò lè da àwòrán tí ẹni tó ń fò lọ́wọ́ ń wò rú. Òfin kan ṣoṣo tí mi ò gba àwáwí kankan lórí rẹ̀ nìyí: ikọ̀ tí kò bá kàn kò gbọ́dọ̀ ki bátìrì bọ dróònù, àfi bí ẹni tó wà nídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ bá yọ̀ǹda. Ẹ sọ Wi-Fi dróònù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ikọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lẹ orúkọ náà mọ́ ọn níkùn.

Bátìrì ńkọ́? Tábìlì kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn ti máa gba iná, kí àgbà kan jókòó tì í láìdìde, kí korobá iyanrìn wà nítòsí rẹ̀ bí bátìrì kan bá gbiná. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú bátìrì LiPo, irú èyí tí ọ̀pọ̀ dróònù ń lò, máa ń kún ní 4.2 fólítì, ẹ má ṣe jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kọjá bíi 3.3. Bí kò bá ní ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, 3.8 ni kẹ́ ẹ fi í sí. Èyí tó bá ti wú kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá, ẹkún ọmọ kò yí i padà.

Ẹ ta àwọ̀n sáàárín àwọn tó ń fò àtàwọn tó ń wòran, kẹ́ ẹ sì fún àwọn tó wà nínú àwọ̀n ní awò tó ń dáàbò bo ojú. Bí ẹ bá gbé e jáde síta lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lọ wo òfin ọkọ̀ òfuurufú orílẹ̀-èdè yín; ní ọ̀pọ̀ ibi, dróònù ò gbọ́dọ̀ ga ju 120 mítà lọ.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Mo kọ kóòdù tí dróònù wa fi ń rìn yípo igun mẹ́rin. Ní kíláàsì wa, kì í ṣe àṣìṣe. Níbi ìdíje, ó kàn ń sún lọ títí tó fi forí sọ ògiri. Olùkọ́ wa ní kóòdù mi ló bàjẹ́.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Báwo ni ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà ṣe rí? Irú dróònù bẹ́ẹ̀ ní kámẹ́rà kan níkùn tó ń wo ilẹ̀, ohun tó rí nílẹ̀ ló fi ń mọ̀ bóyá òun ń sún. Bí ilẹ̀ bá ń dán, tí kò ní àmì kankan lára, tàbí tí iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, kò ní mọ̀ pé òun ń lọ. Dán an wò báyìí: jẹ́ kó dúró lókè fún 30 ìṣẹ́jú àáyá láìsí kóòdù rárá, kọ́kọ́ ṣe é lórí ẹní tó ní àwòrán lára, kó o tún ṣe é lórí ilẹ̀ tó ń dán. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹní, tó wá sún lórí ilẹ̀ dídán, mú olùkọ́ yín wá wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tún yẹ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò: méjì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, méjì yòókù ń yí lódìkejì. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò dojú dé kó tó kúrò nílẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi wà nínú ikọ̀ dróònù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Kò tíì di rìmóòtù mú rí. Bátìrì ló ń kà, ìwé ló ń kọ. Wọ́n ní ọmọkùnrin tó ń fò ó yára jù ú lọ. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Ó dùn mí pé ọmọ lè wà nínú ikọ̀ fún oṣù mẹ́ta láìfọwọ́ kan rìmóòtù. Ẹni tí wọn ò fún ní rìmóòtù, níbo ló ti fẹ́ yára? Lọ́dọ̀ mi, ipò mẹ́ta là ń yí láàárín ara wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹni tó ń fò ó, olùṣọ́ tí ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lára dróònù, àti ẹni tó ń bójú tó bátìrì àti ìwé. Ẹni tó bá ń wo inú kámẹ́rà kò rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, olùṣọ́ ni ojú rẹ̀. Lọ́dún kan, ibà gbé ọmọ tó mọ̀ ọ́n fò jù nínú ikọ̀ mi dè láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ìwé lọ́sẹ̀ yẹn ló gba rìmóòtù. Ìwé ti jẹ́ kó mọ ìgbà tí bátìrì kọ̀ọ̀kan máa ń rẹ̀. Ó gba gbogbo òrùka kọjá, ó sì bà sójú àmì.

Bí kọ̀ǹpútà bá wà nílé, eré ìdánrawò wà tí ọmọ lè fi rìmóòtù gidi ṣe lórí rẹ̀. Kó já lulẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ kankan kò ní kán. Kẹ́ ẹ wá lọ rí olùkọ́ni wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ bátìrì tí ọmọ yín ń kọ dání, kẹ́ ẹ ṣí i níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ọjọ́ tí yóò kan ọmọ yín.