Ẹ Fi Bébà Bo Aṣọ Ìyá Yín Ná

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjà kékeré kan wà nílé wa tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa parí. Mo ń tú àpótí ìyá mi, ni mo bá rí fọ́tò tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì yà lọ́dún 1964. Wọ́n kọ déètì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìyá mi ò sì ju ọmọ ọdún 17 lọ nígbà yẹn. Ẹni tí mo rí nínú fọ́tò náà, bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú títì, èmi ni n ó kọ́kọ́ kí i. Àbíkẹ́yìn tèmi pé 17 lóṣù tó kọjá, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á ní kò ju 13 lọ. Ọkọ mi ní oúnjẹ ló fà á. Àbúrò mi ọkùnrin ní ìyà ni, pé ìyà máa ń tètè sọ ọmọ dàgbà. Ọmọ tí à ń torí ẹ̀ jà wo fọ́tò náà títí, ó ní, "Àwọn èèyàn yìí kàn gbó ni." Ta ló jàre?

Ìyá Àbíkẹ́yìn

ÌDÁHÙN

Ìyá Àbíkẹ́yìn, ẹ kú ẹjọ́. Kí n tó dá a, ẹ lọ mú bébà funfun kan àti sísọ́ọ̀sì wá. Ẹ gé ihò sáàárín bébà náà, kó fẹ̀ tó ojú ìyá yín nínú fọ́tò, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e lé fọ́tò náà, kí irun, yẹtí, ọrùn aṣọ àti àga tí wọ́n fara tì bọ́ sábẹ́ bébà. Kí ẹ wá pe ẹni tí kò rí fọ́tò yìí rí, kí ẹ ní kó sọ iye ọdún ẹni tó ń wò.

Èmi ti ṣe é. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo lò, ọdún 1966 ni wọ́n yà á, ọmọ ọdún 16 ni. Irun rẹ̀ ga sókè bí ìtẹ́ ẹyẹ, kọ́là aṣọ rẹ̀ le gbagidi, ó di pọ́ọ̀sì mú lórí itan bíi pé owó ìjọba ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 ni mo pè. Ó yọjú wo inú ihò bébà, ó ní, "Kíláàsì wo ni ọmọ yìí wà?" Mo ṣí bébà kúrò. Ó sún sẹ́yìn. "Háà! Màmá àgbà ni!" Ojú kan náà ló wò lẹ́ẹ̀mejì o, àárín rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dárí ji àwa méjèèjì títí dòní.

Kí ni ọmọ yẹn rí tó fi sún sẹ́yìn? Irun ni. Orí àwọn ìyá àgbà ló ti mọ irú irun yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú irun àti ìmúra ìgbà èwe wọn dání lọ sí ọjọ́ ogbó. Ọmọge tó ń di irun rẹ̀ báyìí lọ́dún 1964 ṣì ń di í bẹ́ẹ̀ nígbà tó pé 40, nígbà tó sì pé 60, àwọn tó kù lórí ilẹ̀ tó ń di irú irun bẹ́ẹ̀ kò ju òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Irun náà bá wọn darúgbó. Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn, ara àwọn àgbà la ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Nítorí náà tí a bá wá rí i lórí ọmọ ọdún 17 nínú fọ́tò, ojú wa ti fi 40 ọdún kún un kí ọkàn wa tó ráyè ronú. Dígí ojú tó yọ ṣóńṣó létí, táì tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ etí àwọn ọkùnrin ọdún 1970 sí 1979, bákan náà ni gbogbo wọn. Ẹ má fi àbíkẹ́yìn yín ṣẹ̀sín jù. Bùbá onífìlà lẹ́yìn ọrùn àti bàtà onírọ́bà tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀ ya fọ́tò, ọmọ ọmọ rẹ̀ á wò ó lọ́jọ́ kan, á ní aṣọ àwọn arúgbó rèé.

Ìyẹn tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á nínú ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ò tíì tán. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà àtijọ́, ọmọdé láṣọ bí àgbà lóòótọ́, torí kò sí aṣọ mìíràn tí wọ́n rán fún un. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọ̀dọ́langba lónìí, teenager, àárín ọdún 1940 sí 1949 ló tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn oníṣòwò rí i pé àwọn ọmọ yìí ti ń ní owó lápò, pé a lè dá aṣọ, orin àti ìwé ìròyìn tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọjọ́ tí ọmọkùnrin bá bọ́ ṣòkòtò péńpé ọmọdé sílẹ̀, irú kóòtù tí bàbá rẹ̀ ń wọ̀ ló kàn. Kò sí ibùdókọ̀ láàárín.

Ẹni kan mọ bí ọgbọ́n yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Calvin Graham. Lọ́dún 1942, nígbà ogun àgbáyé kejì, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, ó ní ọmọ ọdún 17 lòun. Ọmọ ọdún 12 ni. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀ lọ, ó dé fìlà àwọn àgbàlagbà lé e, ó sì ti ń fi ohùn kíki kọ́ra kó tó lọ. Ẹni tó ń bà á lẹ́rù jù níbẹ̀ ni dókítà eyín, torí eyín máa ń tú àṣírí ọjọ́ orí, kò sì ṣeé wọ kóòtù fún. Ó rí ọ̀nà kọjá lọ́wọ́ ìyẹn náà, ó dé inú ọkọ̀ ogun, wọ́n sì ṣe é léṣe lójú ìjà nítòsí Guadalcanal, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, kí ọdún náà tó parí. Aṣọ ẹ̀gbọ́n àti fìlà ni o, òun ló kó ọmọ ọdún 12 dé ojú ogun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tó jẹ́ oko mi. Ọdún 38 ni mo fi ya fọ́tò jẹun, mo sì ń sọ fún yín pé fọ́tò fúnra rẹ̀ máa ń fi ọjọ́ orí kún ojú. Oríṣi fíìmù àtijọ́ kan wà tí kò mọ pupa rárá. Òun ló jẹ́ kí èèyàn lè tan iná pupa nínú yàrá òkùnkùn kó máa fọ̀ ọ́ láìbàjẹ́. Ohunkóhun tó bá pupa, dúdú ló ń jáde lórí rẹ̀: ètè tí wọ́n kùn á dàbí ohun tí wọ́n fi èédú pa, gbogbo irorẹ́ àti àbàwọ́n tó wà lójú á fara hàn kedere. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣì ní páálí kan irú rẹ̀ tó fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ó fi ya ojú mi lọ́jọ́ kan fún ẹ̀fẹ̀, mo sì rí bí n ó ṣe rí tí mo bá pé 45. Mo ti wá pé 45 kọjá. Irọ́ ló pa, mo dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fíìmù dúdú-àti-funfun tó mọ pupa àti gbogbo àwọ̀ yòókù ti wà káàkiri tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó ya ìyá yín. Síbẹ̀, fọ́tò dúdú-àti-funfun ṣì ń gba nǹkan kan lójú ọ̀dọ́, ìyẹn dídán ara àti àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a fi ń dá ọmọdé mọ̀ láì béèrè. Ẹ fi ti iná kún un. Iná kan ṣoṣo tí wọ́n gbé sókè á ju òjìji sábẹ́ ojú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ibi tí àgbà ti ń hunjọ gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ayàwòrán á ní, "Má mira, má rẹ́rìn-ín." Ẹ̀rín ni ojú ọmọdé. Èmi náà ti gbà á lójú ọ̀pọ̀ ọmọ, kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Nígbà ayé ìyá yín, fọ́tò kan lọ́dún ni, aṣọ tó dára jù lọ nílé ni wọ́n á wọ̀ lọ yà á. Àbíkẹ́yìn yín yóò ti ya 40 kí ó tó jẹun òwúrọ̀, pẹ̀lú aṣọ tó fi sùn. Aṣọ òde lẹ fi ń wé aṣọ ilé.

Àwọn sinimá náà ti tàn wá jẹ. Ọ̀pọ̀ wa, fíìmù la ti mọ bí àwọn ọmọ iléèwé àtijọ́ ṣe rí. Fíìmù Grease jáde lọ́dún 1978, ìtàn àwọn ọmọ ilé ìwé girama ló ń sọ. Nígbà tí wọ́n ń yà á, Stockard Channing tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iléèwé náà jẹ́ ẹni ọdún 33, Olivia Newton-John sì jẹ́ 28. Ta ni kò ní dàbí ẹni tó gbó?

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Oúnjẹ kọ́, ìdàkejì ló tiẹ̀ rí. Bí oúnjẹ àti ìlera ṣe ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ ń tètè dàgbà sí i. Nígbà ayé Bach olórin, ní nǹkan bí 280 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọkùnrin tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ní Leipzig, ìlú kan ní Jámánì, ń dé nǹkan bí ọdún 17 kí ohùn wọn tó ki. Lóde òní, 13 tàbí 14 ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ká wò ó dáadáa, nínú ara, àbíkẹ́yìn yín ló dàgbà ju ọmọ ọdún 17 ayé Bach lọ.

Sìgá àti oòrùn ńkọ́? Àwọn méjèèjì máa ń hun awọ ojú jọ, òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1965, nínú àgbàlagbà 100, 42 ló ń mu sìgá. Lọ́dún 2022 wọn ò tó 12. Àwọn onímọ̀ méjì, Morgan Levine àti Eileen Crimmins, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2018. Wọ́n fi ìlera àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1988 sí 1994 wé ti 2007 sí 2010, wọ́n sì rí i pé ara àwọn ti 2007 sí 2010 kéré sí ọjọ́ orí wọn ju ti àwọn tó ṣáájú wọn lọ, àti pé dídín sìgá kù wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n wò. Sìgá á fi ojú ẹni 40 hàn bíi 50. Ọmọ ọdún 17 tó mú un lánàá, èéfín rẹ̀ ò tíì ráyè débẹ̀.

Àbúrò yín ló kù, òun ni mo sì fẹ́ fún ní ààbọ̀ máàkì. N kò ní pè é ní ìyà, ẹrù ni n ó pè é. Lórílẹ̀-èdè England, ọmọ ọdún 14 lè fi iléèwé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1947 tí wọ́n sọ ọ́ di 15. Ọdún 1972 ló tó di 16. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, ìdajì àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ ń lọ sílé ọkọ kò ju nǹkan bí 20 ọdún lọ. Lónìí ó ti kọjá 28. Ọmọbìnrin ọdún 17 ìgbà yẹn mọ̀ pé ilé tòun ò jìnnà mọ́, ó sì ti ń dúró bí onílé. Àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Jean Twenge àti Heejung Park, náà wo ohun tí àwọn ọ̀dọ́langba Amẹ́ríkà sọ nípa ara wọn láti 1976 sí 2016: iṣẹ́ owó, wíwa mọ́tò, ọtí, jíjáde láìsí òbí, gbogbo rẹ̀ ló dín kù. Mo rí i láti ẹ̀yìn kámẹ́rà mi pẹ̀lú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí mo bá ní kí ọmọ dúró, á dúró bí ẹni tó fẹ́ búra nílé ẹjọ́. Nígbà tí mo fi máa gbé kámẹ́rà sílẹ̀, wọ́n ti ń na ìka méjì sókè kí n tó tan iná.

Ta ló wá jàre? Àbíkẹ́yìn yín. Nǹkan kan gbó lóòótọ́ nínú fọ́tò yẹn. Aṣọ ni.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń sọ pé nígbà tí òun wà ní 16, òun ti di ọkùnrin, pé ọmọ ọwọ́ ni àwa. Ó ní fọ́tò kan tó fi ń jẹ́rìí. Kí ni kí n sọ?

Ọmọ Ọwọ́

ÌDÁHÙN

Ọmọ Ọwọ́, má sọ nǹkan kan, bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n mọ èyí nínú ara rẹ: lábẹ́ òfin, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti mú kí èèyàn tètè di àgbà ju ti àtijọ́ lọ. Ní Britain, 21 ni èèyàn ń di àgbà kó tó di 18 lọ́dún 1970. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1971 ni wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún 18 láǹfààní ìdìbò nínú gbogbo ìbò. Lórí ìwé, o máa fi ọdún mẹ́ta ṣáájú àwọn bàbá àgbà ayé ìgbà yẹn.

Nípa fọ́tò tó fi ń jẹ́rìí, rọra bi í pé kóòtù ta ni ó wọ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín, wá ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn, yá kóòtù tirẹ̀. Gbé iná sókè díẹ̀ sí apá ọ̀tún, sọ fọ́tò náà di dúdú-àti-funfun, pa ẹnu dé. Fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì níbi tó máa ti rí i, kí o sì kọ̀wé sí mi bó bá ṣe lọ.